Afẹ́fẹ́ Ṣáájú Epo
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ajah)



Láti ọdún 1905 tí Alfred Büchi, ará Switzerland, ti gba ìwé-ẹ̀tọ́ tọ́bò, iṣẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀: èéfín tó ń jáde ló ń yí i, òun a sì máa ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì. Bí epo dísẹ̀ẹ̀lì bá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín dúdú ni. Ooru rẹ̀ a sì máa yọ́ písítìn.

Nítorí náà, kí á tó fọwọ́ kan pọ́ǹpù ọkọ̀ àtijọ́, ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ́ìlì, omi rediétọ̀ àti rọ́bà afẹ́fẹ́ wò. Kí á so géèjì afẹ́fẹ́ àti ti ooru èéfín mọ́ ọn. Kí á fi afẹ́fẹ́ kún díẹ̀, lẹ́yìn náà epo díẹ̀. Bí èéfín bá dúdú, kí á dá a padà.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ kì í ṣojúure sí ẹ́ńjìnnì tó gbóná.

Ọ̀gá tó bá ní kí á fi agbára kún ọkọ̀, tí kò ra géèjì, kó má ṣe gé owó oṣù awakọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́. Ohun tí a óò bá wọn sọ nìyẹn, lẹ́nu kan ṣoṣo.