Ẹ̀fọn Inú Àmù Wa

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ̀yin baálé ilé, àti gbogbo ọmọ Ẹgbẹ́ tí ó péjọ sí Abúlé Òkúta lónìí! Ọ̀rọ̀ tí ó gbé wa dìde kéré lójú, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ni. Ṣùgbọ́n nínú àwa tí a wà níhìn-ín, ta ni kò tíì gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń jó bí iná sáré lọ sí ilé ìwòsàn ní òru? Ẹlòmíràn sì wà nínú wa tí kò gbé tirẹ̀ padà wálé. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á, ibà ẹ̀fọn pa ènìyàn bí 608,000 ní gbogbo ayé ní 2022. Bí mẹ́ta nínú ẹni mẹ́wàá tí ó kú ni ó sì jẹ́ ará Nàìjíríà.

Orúkọ abúlé ṣì wà lára àdúgbò wa yìí, bí ilé tilẹ̀ ti kún un. Àṣà abúlé náà sì ṣì wà lọ́wọ́ wa: nítorí pé omi ẹ̀rọ kì í dé ilé gbogbo, a ń pọn omi pamọ́ sínú àmù, dúrọ́ọ̀mù àti bọ́kẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Ọ̀nà kò jìn láti ìhín dé Yábàá. Yábàá ni àwọn oníṣègùn tí Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà rán wá ti ṣí ilé àyẹ̀wò ní 1925, láti wá ìdí ibà apọ́njú. Adrian Stokes, ọmọ ilẹ̀ Ireland, wà lára àwọn tí ó fi hàn ní 1927 pé àrùn náà lè ran ọ̀bọ, èyí tí ó la ọ̀nà fún gbogbo ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n àrùn náà mú òun tìkára rẹ̀, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Lára ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà nísinsìnyí, ni ohun tí Max Theiler sọ di abẹ́rẹ́ àjẹsára ní 1937 ti wá. Abẹ́rẹ́ náà ni a ń gbà títí di òní, ẹ̀ẹ̀kan sì tó fún ọjọ́ ayé ẹni. Síbẹ̀ ibà apọ́njú tún yọjú ní Kwárà ní 2017.

Ẹ̀fọn tí ń gbé e kiri láàárín ìlú dúdú, ó ní ilà funfun lẹ́sẹ̀, ọ̀sán ni ó sì máa ń jẹni. Inú àmù wa, agolo wa àti táyà àlòkù wa ni ó ń yé sí. Ẹyin rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò, ó sì lè gbẹ fún oṣù mélòó kan kí ó má kú. Nítorí náà, dída omi nù nìkan kò tó, àfi kí a fi kànìnkànìn fọ inú ìkòkò náà. Èyí tí ń gbé ibà lásán, òru ni tirẹ̀. Gọ́tà dúdú ni a máa ń bú fún un, ṣùgbọ́n omi òjò tí ó mọ́, tí oòrùn ń ràn sí, ni ó fẹ́ràn jù: ojú ẹsẹ̀ ọkọ̀, kòtò ìpìlẹ̀ ilé tí a kò kọ́ tán. Òótọ́ ni pé àwọn olùwádìí ti bá a nínú omi ìdọ̀tí pẹ̀lú ní Èkó, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ọ̀rọ̀ wa jẹ́ kí gọ́tà rẹ̀ dí.

Àwọn bàbá wa mọ wolé-wolé. Ní 1924, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí kòkòrò ara eku ń gbé kiri wọ Èkó, àwọn wolé-wolé ni ó ń ti ilé dé ilé. Dókítà Ládipọ̀ Olúwọlé, ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ oníṣègùn ìmọ́tótó ìlú Èkó, sì ṣe gudugudu méje nínú iṣẹ́ náà. Wolé-wolé a máa yọjú wo inú àmù. Bí ó bá rí ìdin ẹ̀fọn, ilé ẹjọ́ ni. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ ni a ń da omi nù. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ni a fi ń ṣe é, kì í ṣe ìmọ̀; nígbà tí kò wá mọ́, a fi í sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ́tótó oṣooṣù tí ìjọba ológun dá sílẹ̀, tí Èkó sì fagi lé ní 2016. A kò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n láti ẹyin dé ẹ̀fọn tí ń fò, bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ni. Ẹni tí ó bá ń fọ àmù lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti jẹ́ kí ó bímọ, kí ó sì rí ọmọ ọmọ.

Ẹlòmíràn yóò wí pé iṣẹ́ ìjọba ni. Kànáà ńlá, iṣẹ́ ìjọba ni lóòótọ́, a kò sì ní í dákẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba wo ni yóò wá bá wa da omi inú agolo tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa? Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ohun tí a ń bẹ̀ ẹ̀yin ìjòyè ni pé kí ẹ mú ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi ṣe òfin àdúgbò: kí olúkúlùkù agbolé fọ àmù, kí ó dé e, kí ó da omi agolo àti táyà nù, kí ó sì fi yẹ̀pẹ̀ dí kòtò. Àwọ̀n olóògùn ni ti òru, kí a má sì fi ṣe aṣọ fèrèsé. Àwa Ẹgbẹ́ yóò rán ọ̀dọ́ méjì méjì láti máa yẹ ilé wò, kì í ṣe láti fi ẹnikẹ́ni sùn. Ọjọ́ tí ẹ bá mú, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé wa gbọ́ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.