Ṣé Kẹ́mò Lè Ṣiṣẹ́ Fún Ẹni Tó Ní HIV?

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi wá lẹ́yìn ìpàdé, nígbà tí àwọn tó kù bá ti lọ tán: "Dókítà ní jẹjẹrẹ ló wà lára mi, HIV sì wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé kẹ́mò ò ní pa mí?"

Ẹ fọkàn balẹ̀. HIV kò ní kí kẹ́mò má ṣiṣẹ́. Ẹ wo jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní Kaposi, tó máa ń yọ bí àpá tó pọ́n rúsúrúsú tàbí tó dúdú sí ẹsẹ̀, sí ojú tàbí sínú ẹnu. Tó bá ṣì kéré, oògùn ARV nìkan lè mú un rọlẹ̀. Tó bá ti tàn, tí ẹsẹ̀ ti wú, kẹ́mò ní láti kún un. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kẹ́ńyà, Màláwì, Gúúsù Áfíríkà àti àwọn ilẹ̀ míì, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2020, fi hàn pé paclitaxel pẹ̀lú ARV ṣiṣẹ́ ju oríṣi kẹ́mò méjì míì tí wọ́n fi wé e lọ.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo jẹjẹrẹ ló ń gbọ́ kẹ́mò?
Ìdáhùn: Rárá o. Jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, tó ń mú obìnrin tó ní HIV ní ìlọ́po mẹ́fà ju ẹni tí kò ní in lọ, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń mú un kúrò tó bá ṣì kéré. Tó bá ti dàgbà díẹ̀, ìtànṣán ni wọ́n fi ń jó o, kẹ́mò á wá ràn án lọ́wọ́. Tó bá ti tàn dé ẹ̀dọ̀fóró, kẹ́mò lè fi kún ọjọ́ ayé, ó sì lè dín ìrora kù, àmọ́ kì í sábà wò ó sàn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé láti ọmọ ọdún 25 ni kí obìnrin tó ní HIV ti máa lọ ṣàyẹ̀wò.

Ìbéèrè: Ṣé kí n dá ARV dúró ná?
Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò! Kẹ́mò máa ń dín àwọn sójà ara kù, HIV náà ń pa wọ́n; ARV ló ń dáàbò bò wọ́n. Òótọ́ ni pé àwọn ARV kan, bíi èyí tí ritonavir wà nínú rẹ̀, lè mú kí kẹ́mò kan le jù lára. Dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀, tó bá mọ̀ pé ẹ ń lò ó. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí ọ̀pọ̀ ló ń fi í pamọ́ fún dókítà jẹjẹrẹ. Mo mọ ohun tó fà á: fáìlì lórí tábìlì, ojú aládùúgbò. Ẹ ní kí dókítà jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì nìkan sọ̀rọ̀, kí ẹ mú ike oògùn yín jáde látinú báàgì, kí ẹ fi hàn án.

Bí ara bá gbóná láàárín ìgbà tí ẹ ń gba kẹ́mò, ẹ má lo Panadol kí ẹ sùn lé e. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sí ọsibítù, ì báà jẹ́ òru.