Ẹ Ka Ara Àpótí Iná Kí Ẹ Tó Rà Á

Ọ̀rọ̀ owó ni a fẹ́ bá yín sọ, kò sì ní gùn.

Láti 2011 ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́, ó sì ní ẹ̀ka ní Ìkọ̀lé. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe àjèjì láàárín wa mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn kì í ra èyí tí a ti tò tán. Wọ́n á ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tò ó fúnra wọn, kí ó lè lágbára tó láti fi gbá géèmù. Bí ọmọ yín bá wá tọrọ owó irú rẹ̀, ẹ má tíì bínú. Ẹ bi í pé: "Àpótí iná wo lo fẹ́ fi sí i?"

Kí ni àpótí iná? Òun ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní "power pack". Àpótí irin kékeré ni, inú kọ̀ǹpútà ló wà, níbi tí wáyà iná ń gbà wọlé. Iná ara ògiri ilé wa le jù fún kọ̀ǹpútà. Àpótí yìí ló ń rọ̀ ọ́, tí ó sì ń pín in fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí ó lè gbà. Bí àpótí burúkú bá gbiná, ó lè kó ti gbogbo ẹ̀yà yòókù. Owó kékeré tí a fẹ́ fi pamọ́ á wá ba owó ńlá jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́ lẹ́tà mẹ́ta. V ni bí iná ṣe ń tì sí. A ni bí iná tí ó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. W ni gbogbo agbára tí ó jáde. Bí a bá fi V sọ A di púpọ̀, W ni a ó rí.

Ó dáa. Ká ní wọ́n kọ 500W gàdàgbà sára àpótí kan. Ẹ má tíì sanwó. Ẹ yí i padà, ẹ wo ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ 12V sí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀yà tí ó ń jẹ iná jù ti ń jẹun. Bí 18A bá wà lábẹ́ rẹ̀, 12 lọ́nà 18 jẹ́ 216. Ṣé ẹ rí i? 500 ni wọ́n ń pariwo, 216 ni wọ́n ń tà! Ní àpótí tí ó dára lóde òní, iye ti 12V máa ń sún mọ́ nọ́ńbà ńlá náà. Bí ó bá jìnnà sí i báyìí, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Báwo ni a ṣe máa mọ ìwọ̀n tí ó tó? Àwọn àgbà ní, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò kọ̀ǹpútà kan. Káàdì àwòrán tí ń jẹ́ GeForce RTX 3060 ń gba 170W. Ká fún ọpọlọ kọ̀ǹpútà ní 65W. Ká fún gbogbo ìyókù ní 65W. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 300W. Ṣùgbọ́n káàdì a máa fa iná lójijì ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ fi àlékún sí i. 550W ni àwọn tí ó ṣe káàdì yìí ní kí a lò. Ẹni tí ó bá ra 1000W kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó náwó tí kò yẹ kó ná. Kọ̀ǹpútà kì í jẹ ju ebi rẹ̀ lọ.

Ẹ tún wo àmì 80 PLUS, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Wọ́n ti dán àpótí tí ó ní i lótìítọ́ wò, pé bí ó bá gba iná 100, ó kéré tán 80 ló ń fi ṣiṣẹ́. Ìyókù ló ń di ooru. Kọ̀ǹpútà 300W wa lè gba 375W lára ògiri. Ẹ rántí èyí bí ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ọmọ ìyá wa fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Iná tiwọn jẹ́ 120V, tiwa jẹ́ 230V. Àwọn àpótí kan ní bọ́tìnnì pupa lẹ́yìn, tí a kọ 115 àti 230 sí. Ẹ tì í sí 230 kí ẹ tó ki wáyà bọ ògiri. Bí ó bá wà ní 115, yóò bú gbàù! Èyí tí a kọ 100-240V sí kò ní wàhálà yìí.

NEPA ti kógbá sílé láti 2005, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ la ṣì ń pe iná. Bí "NEPA" bá mú iná lọ, ẹ yọ wáyà kọ̀ǹpútà. Bí iná bá dé, ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ná. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn jíjó, ẹ pa á kíákíá. Ẹ má tú àpótí iná o! Iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà, ó sì lè gbé ènìyàn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú yín ti là sí ìwé báyìí. Bí ẹ bá dé ìsọ̀, yálà ní Adó ni o, tàbí ní Ìkẹjà l'Ékòó níbi tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà, ẹ ki jígí bọjú, kí ẹ ka ara àpótí náà fúnra yín kí owó tó kúrò lápò.