Ta Ni Ilé-Ìkàwé Wà Fún?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣù

 

Nígbà tí Alága ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ilé-ìkàwé tí a ń fẹ́ kọ́ fún ìlú yìí, mo bẹ̀ ẹ́ kí n kọ́kọ́ rí òfin tí ìgbìmọ̀ ti dábàá. Mo kà á. Òfin kẹta wí pé ẹni tí yóò wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ìrísí rẹ̀ bójú mu. Òfin kẹrin wí pé ẹni tí yóò yá ìwé gbọ́dọ̀ ní onílé kan tí yóò ṣe onídùúró fún un, kí ó sì máa san owó lọ́dọọdún. Òfin méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Inú rere ni àwọn tí ó kọ wọ́n fi kọ wọ́n, èmi kò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú mìíràn ti ṣe irú rẹ̀ rí, ohun tí ó sì bá wọn kò yẹ kí ó bá wa.

Ní ọdún 1993, ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí kò ní ilé lọ sí ilé-ìkàwé ńlá ìlú náà láti kàwé. Ìgbà òtútù ni, ó sì wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù. Ẹ̀ṣọ́ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ó lọ tún ara rẹ̀ ṣe ná. Òfin ilé-ìkàwé náà ni ó fún ẹ̀ṣọ́ ní àṣẹ yìí, nítorí ó wí pé a lè kọ̀ fún ẹni tí ìrísí rẹ̀ kò bójú mu. Ọkùnrin náà pe ẹjọ́. Ọdún 2001 dé kí ilé-ẹjọ́ tó dá a láre. Adájọ́ rí i pé òfin náà kò ní ìwọ̀n: ohun tí ẹ̀ṣọ́ kan kà sí ẹ̀gbin, ẹ̀ṣọ́ mìíràn lè gbójú fò ó. Àwọn baba wa wí pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ìwà ọmọ aráyé ni wọ́n ń ròyìn, wọn kò fi ṣe òfin fún wa.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń wí pé kí ẹnikẹ́ni máa ṣe bí ó ti wù ú. Ní Morristown, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ẹjọ́ tí ó jọ èyí wáyé, ilé-ìkàwé ni ó sì jàre. Ní ọdún 1992 ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wí pé ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti wá ìmọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n pé ilé-ìkàwé lè fòfin de ìwà tí ń dí ìwé kíkà lọ́wọ́: kí a má ṣe tẹjú mọ́ ẹlòmíràn láti yọ ọ́ lẹ́nu, kí a má ṣe tẹ̀lé e kiri, kí òórùn ara ẹni má ṣe di ìnira fún àwọn yòókù. Mo fara mọ́ méjì ìṣáájú pátápátá. Ti òórùn ni ó ń kọ mí lóminú, nítorí ẹni tí kò ní ilé, níbo ni yóò ti wẹ̀? Bí a óò bá ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbẹ́ kànga sẹ́yìn ilé náà, kí a sì kọ́ balùwẹ̀.

Ìlú San Francisco gba ọ̀nà tí ó sàn jù. Ní ọdún 2009 wọ́n gba òṣìṣẹ́ kan sí ilé-ìkàwé wọn tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìwé títò, bí kò ṣe kí ó bá àwọn aláìnílé jókòó, kí ó sì júwe ibi tí wọn yóò ti rí ibùsùn, oúnjẹ àti ìtọ́jú. Wọ́n tún gba àwọn kan tí ó ti sun ìta rí síṣẹ́, kí wọ́n máa lọ bá ẹni tí ó wà nínú ìṣòro bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ti jẹ irú ìyà kan rí mọ bí a ti ń bi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè láìdójú tì í.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́? Àwa náà ní ìtàn tiwa. Ilé-ìkàwé tí a fi owó Carnegie ti Amẹ́ríkà ràn lọ́wọ́ ní Èkó ní ọdún 1932, owó àsansílẹ̀ ni a fi ń wọ̀ ọ́, àwọn Òyìnbó ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ń lò ó. Kò di ìgbà tí a bá kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé kí tálákà má wọlé. Ní ọdún 2019 San Francisco àti Chicago fagi lé owó ìtanràn lórí ìwé tí ó pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. New York ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2021. Ìtanràn náà kò wọ olówó lára, ṣùgbọ́n ó ń lé ọmọ tálákà sá fún ìwé.

Àti onídùúró. Ta ni yóò dúró fún alábàárù tí ń sun ìsọ̀ lọ́jà wa yìí? Ta ni yóò dúró fún ọmọ-iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ti lé jáde? Bí irú wọn kò bá lè wọ ilé náà, kí ni a ń fi owó ìlú kọ́ ọ sí?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí òfin kẹta máa sọ̀rọ̀ nípa ìṣe, kí ó fi ti aṣọ sílẹ̀. Kí kíkàwé nínú ilé jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn, kí a sì ṣí i títí di alẹ́, nígbà tí ọmọ-iṣẹ́ bá ráàyè. Kí ẹni tí kò ní onídùúró lè yá ìwé kan ṣoṣo, bí ó bá dá a padà kí ó yá òmíràn. Ìwé díẹ̀ yóò sọnù. Ẹ jẹ́ kí a gbà bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì ya owó sọ́tọ̀ fún un.

Ní ìpàdé tí ń bọ̀ ni a óò fọwọ́ sí òfin wọ̀nyí. Àtúnṣe tí mo kọ wà lọ́wọ́ Akọ̀wé. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kí ó jọ̀wọ́ mú tirẹ̀ wá ní kíkọ.