"Yá lọ́wọ́" àti "yá lówó": ìyàtọ̀ láàárín àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọra



Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta yìí, pẹ́ńsùlù mi ṣẹ́. Mo yíjú sí ẹni tó jókòó tì mí, mo ní, "Borrow me your pencil." Pàṣán ló dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta. Olùkọ́ wa pariwo "lend!", kò sì ṣàlàyé ohunkóhun.

Ṣé mo gọ̀ ni? Rárá o. Yorùbá ni mò ń sọ. "Yá" kan náà ni ẹni tó gbà àti ẹni tó fúnni ń lò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: "Mo yá owó lọ́wọ́ Àdùkẹ́." "Mo yá Àdùkẹ́ lówó." Ta ló jẹ gbèsè? Kò sí ìyálọ́jà ní ọjà Ìtòkú tó máa ṣi èyí gbọ́. "Lọ́wọ́" ti sọ ibi tí owó ti jáde. Borrow ni yíyá nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Lend ni yíyá ẹni ní nǹkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni "kọ́" rí. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ àdìrẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, learn ló ṣe. Ìyá tó kọ́ ọ, teach ló ṣe.

Níbòmíràn, èdè wa ti ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ fún wa. Ẹni tó gun àpáta Olúmọ nígbà ọyẹ́ lè wo apá ibi tí Odò Ògùn wà títí, kó má rí i. Look ni wíwò, see ni rírí. Listen ni fífetí sílẹ̀, hear ni gbígbọ́. Àwa náà sì ní ìyàtọ̀ tiwa: a kì í fi ẹ̀gbọ́n pe àbúrò, nígbà tí brother ti tó Òyìnbó fún àwọn méjèèjì.

Iṣẹ́ fífi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ti pẹ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tí Samuel Àjàyí Crowther kọ jáde ní London. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ló sì ti rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí àwọn akónilẹ́rú ti yà wọ́n. Ní December 3, 1859, àjíyìnrere Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn níhìn-ín. Yorùbá ló kọ́kọ́ fi kọ ọ́. Ní 1860 ni Gẹ̀ẹ́sì wá bá a. Àwọn aṣáájú wọ̀nyí kò lé èdè kan jáde kí èkejì tó wọlé.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó gbé pàṣán, ẹ kọ gbólóhùn Yorùbá méjì sójú pátákó. Ká ní olùkọ́ mi bi mí lọ́jọ́ náà pé, "Ọwọ́ ta ni pẹ́ńsùlù wà?", ǹ bá ti mọ lend kí agogo tó lù.