Iṣẹ́ Abẹ Ọkùnrin àti Jẹjẹrẹ: Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará Òkè Ọya sọ ní Iweka Road, Onitsha

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti Kano, Kaduna àti Jos sọ̀ kalẹ̀ wá ra ọjà, a mọ̀ pé mọ́tò ń dúró dè yín. Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni a mú wá, a ó sì là á bí ó ti rí.

Ní Iweka Road yìí, láàárín àwọn tí ń wọkọ̀ àti àwọn tí ń ta oògùn, wọ́n ń sọ pé ọkùnrin tí ó bá jẹ́ kí dókítà dí ọ̀nà àtọ̀ rẹ̀, kí ó má bàa bímọ mọ́, jẹjẹrẹ ni yóò pa á. Ẹnì kan nínú wa gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti fi abẹ gbẹ̀bí ìyàwó rẹ̀, dókítà sì ti kìlọ̀ fún wọn pé oyún kẹrin léwu. Ọkọ ti gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó yí ọkàn padà. Ìyàwó ti lóyún báyìí.

Iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe ìtẹ̀lọ́dàá o! Ẹnikẹ́ni kò yọ kórópọ̀n ẹni. Iṣan kékeré méjì tí àtọ̀ ń gbà kọjá ni dókítà ń gé tí ó sì ń dí. Agbára ọkùnrin kò lọ. Ṣùgbọ́n títún un ṣe padà ṣòro, nítorí náà ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń fẹ́ ọmọ kò gbọdọ̀ ṣe é.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ náà kò ṣàdédé wá. Ní 1993 àwọn olùwádìí ní Harvard, ní Amẹ́ríkà, rí i pé àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ń ní jẹjẹrẹ prostate ju àwọn yòókù lọ. Prostate ni ẹran kékeré tí ó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tí kò ju àsálà lọ nígbà èwe. Ní 2019 àwọn ará Denmark wo àkọsílẹ̀ ọkùnrin tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì: bí 100 bá ní àrùn náà nínú àwọn tí kò ṣe é, bíi 115 ni yóò ní in nínú iye kan náà tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ní 2016, nígbà tí ẹgbẹ́ American Cancer Society wo ọkùnrin tí ó lé ní 360,000, wọn kò rí i pé iṣẹ́ abẹ náà ń fi kún ikú jẹjẹrẹ yìí. Ẹni tí ń bá dókítà pàdé déédéé, òun náà ni wọ́n ń yẹ̀ wò, lára rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tètè rí àrùn. Bí ìyàtọ̀ kan bá wà, kékeré ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé tiwa. Ní Nàìjíríà, ọkọ tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀ jẹjẹrẹ prostate ni ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú gbogbo jẹjẹrẹ tí ń ṣe ọkùnrin wa. Kí ni ó wá fà á? Ọjọ́ orí ni, àti ìran: ẹni tí bàbá tàbí arákùnrin rẹ̀ bá ní in, ewu tirẹ̀ pọ̀ sí i, àwa ènìyàn dúdú sì wà nínú àwọn tí ó ń bá jà jù. Ẹni tí ń sá fún abẹ, tí kò sì jẹ́ kí a yẹ òun wò rí, kò tíì sá fún ohunkóhun.

Àrùn yìí lè wà lára láìsí àmì kankan. Bí ìtọ̀ bá sì ń jí wa lóru, ó lè má jẹ́ jẹjẹrẹ. Prostate a máa wú lásán. Igo tí wọ́n ń ta nínú mọ́tò, tí wọ́n ní ó ń wo ìtọ̀, jẹ̀díjẹ̀dí àti ẹ̀yìn dídùn pọ̀, kò lè sọ èwo ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA, àti ọwọ́ dókítà, ni ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti 40 ọdún ni kí a ti bá dókítà sọ ọ́. Ní 2001 ni wọ́n rí i lára Nelson Mandela, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì wà láyé títí di 2013, nígbà tí ó di ẹni 95 ọdún.

Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Nnamdi Azikiwe wà ní Nnewi, kò jìnnà síhìn-ín. Àwọn ará Kano ní Aminu Kano, àwọn ará Jos náà ní tiwọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí Nnewi lọ́la kí mọ́tò tó gbéra, kí ó rí wa lẹ́yìn ìpàdé. A ó bá a lọ.