Ìpàtẹ Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Obìnrin Tó Ti Àbíjàn Dé

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ẹgbẹ́ wa, ní Màsífà

Wọ́n ní kí akọ̀wé sọ̀rọ̀ ṣókí. Wọ́n sì mọ̀ pé akọ̀wé kì í sọ̀rọ̀ ṣókí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ọ̀rọ̀ yìí sí ẹ̀yìn oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ owó yíyá àti èrè orí owó, Akápò ti sọ ọ́ tán, ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín. Èyí tí ìgbìmọ̀ fi rán wa ni ọ̀rọ̀ ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà tí a ṣe nínú gbọ̀ngàn yìí lọ́dún tó kọjá, tí a tún fẹ́ ṣe lọ́dún yìí. A gbọ́ pé àwọn kan ti sọ pé kọ́bọ̀ àwọn ò ní bá a lọ. A ò bínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u síta, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ̀ ó mọ ohun tó ń kọ̀.

Kò sẹ́ni tó mọ ìpàtẹ ju àwa lọ. Kí oòrùn tó yọ, a ti to ata ní òkìtì-òkìtì, a ti ṣẹ́ aṣọ kí ibi tó dára nínú rẹ̀ lè wà lókè. Ìpàtẹ ọjà nìyẹn, kí á lè tà ni. Ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tó wá síbẹ̀ á kọ́kọ́ wò, á béèrè ta ló ṣe é, báwo ló ṣe ṣe é, ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ ọ. Tó bá wù ú, ó lè rà á, bí ẹni tó ṣe é bá fẹ́ tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn dání, a máa padà síbẹ̀.

Ta là ń ṣe é fún? Ó ṣòro kí ẹ tó rí agbo ilé kan ní Màsífà àti Èjìgbò tí ò ní èèyàn ní Àbíjàn. Láti ayé òyìnbó ni àwọn bàbá wa ti ń lọ. Mọ́tò ń gbéra ní Èjìgbò, ó ń gba Kútọnu, Lomé àti Àkírà lọ sí Àbíjàn bí ẹni ń lọ Ìbàdàn. Owó sẹ́fà kì í ṣe àjèjì lọ́jà wa, aṣẹ́kẹ́ ti di oúnjẹ ilé. Ànàgó ni wọ́n ń pè wá lọ́hùn-ún. Àwọn ìyá wa tajà ní Treichville àti Adjamé, ilé tí wọ́n fi èrè rẹ̀ kọ́ ni ẹ ń wò lẹ́bàá títì yìí.

Àmọ́ ilẹ̀ onílẹ̀, ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Àwọn àgbà wa rántí oṣù kọkànlá ọdún 1969 ní Gánà, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí ò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Ní Kódífúà, ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 ni ìbọn dún, tí ìlú pín sí méjì. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2010, ìjà tún bẹ́, ó sì le títí wọ́n fi mú Laurent Gbagbo ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2011. Nígbà méjèèjì ni àwọn ọmọ wa kún inú mọ́tò wá sílé. Àwọn míì padà nígbà tí ilẹ̀ tòrò. Àwọn míì ò padà, pàápàá àwọn obìnrin tí ọkọ wọn kú tàbí tí ṣọ́ọ̀bù wọn jóná. Nínú wọn la ti rí àwọn tí wọ́n bí sí Àbíjàn, tí Yorùbá wọn ń kọsẹ̀ bíi ti ọmọdé. A sì rí ìyàwó ilé wa tó jẹ́ ọmọ Baoulé tàbí ọmọ Jula, tó jẹ́ pé ọkọ ló tẹ̀ lé wá. Ogun gba ọjà lọ́wọ́ wọn, kò rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn gbà. Aṣọ pípa láró, ìlẹ̀kẹ̀ sínsín, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí ọrùn bùbá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbé kọjá bọ́dà tí kọ́sítọ́ọ̀mù ò rí i.

Ẹni tó bá ń sọ pé irú èyí ò ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ wa, kó lọ sí Òṣogbo. Lọ́dún 1950 ni obìnrin kan, ọmọ ìlú Graz ní Austria, tó ń jẹ́ Susanne Wenger, dé Nàìjíríà pẹ̀lú Ulli Beier tó jẹ́ ọkọ rẹ̀ nígbà náà. Ogun Hitler ti kọjá lórí ìlú rẹ̀. Kò pẹ́ tó dé tí ikọ́ fée dá a dùbúlẹ̀. Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, ló gbà á mọ́ra. Ó gbé Ẹdẹ, ó gbé Ìlobùú, kó tó wá fìdí múlẹ̀ ní Òṣogbo. Ẹ wò ó, agbègbè wa níbí gan-an ló rìn. Àdùnní Olórìṣà ni wọ́n sọ ọ́. Ère ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ṣe aṣọ pẹ̀lú: ó ń ya ìtàn àwọn òrìṣà sórí aṣọ lọ́nà àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí àwọn ìyá wa ń ṣe, kó tó rì í sínú aró. Òun àti àwọn bíríkìlà, kápẹ́ńtà àti agbẹ́gilére ọmọ ìlú ni wọ́n jọ tún àwọn ojúbọ igbó Ọ̀ṣun ṣe. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí, ọwọ́ rẹ̀ wà lára sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ dòní. Ìjọba sọ igbó náà di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè lọ́dún 1965, UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Àdùnní kú ní Òṣogbo ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93.

Alhaja wa tó wà níwájú, ẹ má wò wá bẹ́ẹ̀. A ò ní kí ẹnikẹ́ni wá bọ òrìṣà. Ohun tí à ń wí ni pé obìnrin kan ti ìdálẹ̀ wá, àìsàn gbé e dè, ìlú fún un láyè kó fọwọ́ ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti ta omi tàbí aṣọ rí níbi ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ nínú iṣẹ́ yẹn títí di òní.

Ẹnì kan á ní òyìnbó nìyẹn, ayé máa ń gbọ́ ti òyìnbó. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká mú tiwa, Níkẹ Davies-Okundaye. Ọmọ Ogidi ní ìpínlẹ̀ Kogi ni, 1951 ni wọ́n bí i, Òṣogbo ló ti gbórúkọ, ibẹ̀ ló sì dá ilé ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ sí lọ́dún 1983. Lọ́dún 2000, ìjọba Ítálì pè é kó wá kọ́ àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí iṣẹ́ aṣẹ́wó ti dè mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún ní iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń tan irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò nílé. Kì í ṣe ìwàásù ló gbé lọ bá wọn, iṣẹ́ ló kọ́ wọn. Ní 2006, ìjọba ibẹ̀ fi oyè dá a lọ́lá nítorí rẹ̀. Nígbà tí ọmọ wa di àlejò ní ìlú òyìnbó, iṣẹ́ ọnà wa ni wọ́n wá wá sí Òṣogbo.

Ní báyìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Obìnrin mẹ́sàn-án la pè. Ògiri ẹ̀yìn la fún wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí à ń kó àga sí, torí iwájú ti wà fún àwọn tó ń ta ankárá ayẹyẹ. A ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára iṣẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà la lẹ̀ mọ́ ọn, bí ẹrù tí wọ́n fẹ́ kó sínú lọ́rì. Ẹni tó ni nọ́ńbà 6 sọ fún wa, Yorùbá díẹ̀, Faransé díẹ̀, pé aṣọ òun yìí, ti wíwò ni, kì í ṣe ti títà. A gbọ́ ọ. A ò kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́sàn-án, ó lọ kírun. Oníbàárà kan dúró, ó ní èló ni. Ẹ mọ ẹnu ọlọ́jà, kì í dúró de ọkàn. Ẹnì kan nínú wa ti dá ₦12,000 lé e. Wọ́n ná an dé ₦8,000. A dì í sínú láílọ́ọ̀nù, a tilẹ̀ tún ń yọ̀ pé a bá a tajà.

Nígbà tó dé, a na owó sí i. Kò gbà á. Ó wo ògiri, ó wo ọwọ́ wa, ó jókòó. Kò pariwo, ìyẹn ló sì dùn wá jù, torí ẹni tó ń pariwo, àwa ọlọ́jà mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ dé ló ṣàlàyé fún wa. Ọmọ bàbá Màsífà ni obìnrin yìí, Jula ni ìyá rẹ̀. Ìyá ló kọ́ ọ níṣẹ́ aró, aṣọ yẹn sì ni àwọn méjèèjì jọ pa kẹ́yìn. Ní 2011 tí wọ́n sá kúrò ní Àbíjàn, òun ló fi pọn ọmọ títí dé ilé. Ìyá náà ò bá wọn dé.

Àwọn tó ń ta àdìrẹ nínú wa ní wọ́n á gba oníbàárà lọ́wọ́ àwọn. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé Akápò: lọ́jọ́ ìpàtẹ yẹn, àwọn tó ta oúnjẹ àti ankárá lẹ́nu ọ̀nà pa ju ti ọjọ́ ọjà lọ. Àwọn míì ní wọn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, wọn kì í dáwó. Èyí náà jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fún wọn ní fọ́ọ̀mù? Fọ́ọ̀mù wa ń béèrè agbo ilé bàbá àti onídùúró méjì tó jẹ́ ọmọ ìlú. Obìnrin Baoulé tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kí ni kó kọ síbẹ̀? Ìgbìmọ̀ fẹ́ kí onídùúró kan ṣoṣo tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó, kí a sì yọ ọ̀rọ̀ agbo ilé kúrò. Ọ̀la, nígbà ìpàdé, la máa dìbò lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá.

Ní ti ìpàtẹ ọdún yìí, ₦500 là ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ògiri iwájú ni tiwọn. Orúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ àti ibi tó ti kọ́ ọ á wà lára rẹ̀, èyí tí kì í ṣe títà, a ó fi íńkì pupa kọ ọ́. Ẹni tó ṣe é ni yóò dá iye lé e, ẹgbẹ́ ò ní yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹnu yín yá, ẹ dákun, ẹ gbé ìjókòó yín jìnnà síbẹ̀.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yìí á jáde nínú ìwé ìròyìn ayẹyẹ, á sì dé ọwọ́ àwọn ọmọ wa káàkiri. Ẹ jẹ́ ká lo àǹfààní yẹn. Yáàdì mẹ́ta ni aṣọ náà, bùrọ́kéèdì tí wọ́n pa láró dúdú bí ẹ̀lú, pẹ̀lú òbìrìkìtì funfun mẹ́ta-mẹ́ta lórí ìlà. Ní igun kan, epo ti ta sí i, àmì rẹ̀ ò lọ. Ẹni tó rà á wé gèlè àlùkò, ó ní Ìbàdàn lòún ń lọ. ₦8,000 rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Akápò nínú àpò ìwé, a ò ná an. Ẹni tó bá mú aṣọ náà wá á gba owó yẹn, a ó sì san owó mọ́tò rẹ̀ lọ bọ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Ìbàdàn, ẹ bá wa béèrè.